Ẹni Tó Kọ́ Ọ Ni Yóò Gbé Orí Sílẹ̀

4.

…nígbà tí káàdì sì ti jáde ní Dùgbẹ̀, tí wọ́n ti pín in kárí, ta ló tún máa bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ìdánwò ò tíì wáyé?

Ẹ má bínú. Mo bẹ̀rẹ̀ láti 4 torí pé èébú ló kún inú 1, 2 àti 3. Mo ti ya wọ́n dà nù.

5.

Orúkọ mi ni Mùtíátù Akínbíyì. Èmi ni akọ̀wé Ẹgbẹ́ Onídìrí, ẹ̀ka Agbowó àti Bódìjà. Ọ̀rọ̀ Alága wa, Ìyáàfin Ọláṣùmbọ̀ Ògúnsànyà, àti ti ọmọ rẹ̀ Jẹ́jẹ́lọlá ni mo ń tò jọ síbí. Tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé mo fẹ́ràn obìnrin náà jù, òótọ́ ni. Tí ẹlòmíràn bá ní inú ń bí mi sí i, onítọ̀hún náà ò parọ́. Mo máa ń yí padà lójú ewé kan náà. Ẹ fara dà á fún mi.

6.

KÁÀDÌ

          Ìdílé Ọ̀gbẹ́ni àti Ìyáàfin ÒGÚNSÀNYÀ
          fi tayọ̀tayọ̀ pe

          ..............................................

          síbi ayẹyẹ FRÍÍDỌ̀MÙ ọmọ wọn
          JẸ́JẸ́LỌLÁ
          tó kọ́ iṣẹ́ onídìrí ní àkọ́yege
          lọ́dọ̀ Alhájà BÀDÍRÁTÙ ADÉSÀNYÀ, Ring Road

          Ọjọ́: Sátidé, ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Kọkànlá, 1996
          Ibi: Ojúde ẹgbẹ́, Agbowó
          Jíjẹ mímu pẹ̀lú.
          Ọlọ́run yóò sìn yín wá o.

Ẹ wo "kọ́ ní àkọ́yege". Wọ́n ti tẹ ẹ́ sílẹ̀.

7.

Bí a ṣe ń ṣe é nílùú yìí nìyẹn. Káàdì ló ń kọ́kọ́ jáde. Wọ́n á háyà kánópì àti àga. Àwọn ẹbí tó wà ní Ìjẹ̀bú á ti múra ọ̀nà. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú Sátidé ayẹyẹ, ni ọmọ iṣẹ́ á wá ṣe ìdánwò tó máa fi hàn bóyá ó mọ iṣẹ́.

Ẹ tún un kà. Bẹ́ẹ̀ ni.

Kò sí ẹni tó já rí. Báwo lẹ ṣe fẹ́ kó já? Ẹran ti wà nínú ìkòkò.

8.

ÒFIN KẸSÀN-ÁN (bó ṣe wà lára ògiri ojúde ẹgbẹ́)

Onífríídọ̀mù yóò fi rilásà sí orí ènìyàn, kì í ṣe orí ike.

Ẹni tó kọ́ ọ ni yóò gbé orí sílẹ̀.

Bó bá ń ta ẹni tó jókòó, kí ó sọ. Bó bá ti sọ, ọmọ náà já nìyẹn.

Kí ẹlòmíràn má ṣe la ẹnu títí ìdánwò yóò fi parí.

Bí ọ̀gá bá kọ̀ tí kò jókòó, kò sí ìdánwò, àfi tí ẹgbẹ́ bá yan orí mìíràn.

9.

Alága ló kọ òfin yẹn. Orí ike la fi ń ṣe ìdánwò tẹ́lẹ̀, orí ike kì í sì í ké. Bẹ́ẹ̀ la ṣe fún ọmọbìnrin kan níwèé ẹ̀rí, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù, ó sì fi rilásà jó orí ìyàwó ojú ọ̀nà kan ní Mọ́kọ́lá.

Fún ẹni tí kò bá mọ rilásà: ìpara funfun ni, ó máa ń na irun líle kó lè rọ̀. Ṣùgbọ́n kí ó tó kan orí, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi fasilín ra awọ orí yíká, àgàgà etí irun níwájú àti ẹ̀yìn etí. Tí ẹ kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, á bó awọ náà bí omi gbígbóná.

Alága kó gbogbo wa lọ sílé ìyàwó yẹn. Ó kúnlẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Kì í ṣe òun ló kọ́ ọmọ tó ṣe iṣẹ́ ìbàjẹ́ yìí o, kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n sójú. "Ẹgbẹ́ mi ló fún un níwèé," ohun tó sọ nìyẹn, kò sì dìde títí ìyá náà fi ní kó dìde. Gbogbo wa kúnlẹ̀ tẹ̀ lé e, ilẹ̀ símẹ́ǹtì ni. Orúnkún ń dùn mí, mo ń bú u nínú, ọjọ́ yẹn ni mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ràn rẹ̀.

10.

Ohun tó rò ni pé ọ̀gá tó bá mọ̀ pé òun ò kọ́ ọmọ dáadáa, ẹ̀rù orí ara rẹ̀ kò ní jẹ́ kó mú un wá. Ó rò ó re. Láti ìgbà yẹn, a ò gbọ́ igbe oníbàárà kankan mọ́ ní ẹ̀ka wa.

11.

Títí ó fi kan ọmọ tirẹ̀.

12.

ALHÁJÀ BÀDÍRÁTÙ SỌ TẸNU RẸ̀
(mo kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́, ibi tó ti bú mi ni mo yọ kúrò)

Ẹgbẹ́ ò gbà kí ìyá kọ́ ọmọ ara ẹ̀ níṣẹ́, ìyẹn ni wọ́n fi mú Jẹ́jẹ́ wá bá mi. Inú mi dùn. Ọmọ Alága ní ṣọ́ọ̀bù tèmi! Ẹ wá bi mí, ṣé kí n máa rán ọmọ Alága lómi ni? Ṣé kí n ní kó gbálẹ̀? Tí mo bá jágbe mọ́ ọn, tó délé tó ro ó fún ìyá ẹ̀, ṣé èmi náà ò ní í rí i nínú ẹgbẹ́? Wàláì, mo tọ́jú ọmọ yẹn. Abẹ́ fáànù ni àga ẹ̀ wà. Àwọn ọmọ iṣẹ́ yòókù ni wọ́n ń fọ orí, Safiyyah ni í fi fasilín ra á. Tí gbogbo ẹ̀ bá ti ṣetán, mo máa ní, Jẹ́jẹ́ ìyá mi, ó yá, wá fi rilásà sí i. Ọwọ́ ẹ̀ yá! Ẹ ò ní í rí i kẹ́ ẹ sọ pé kò mọṣẹ́. Ìfẹ́ ni mo fi ṣe é. Ṣé ìfẹ́ ti wá di ẹ̀ṣẹ̀ ni?

13.

TA LÓ Ń ṢE KÍ NI
(pátákó ara ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo fi ojú ara mi rí i)

Ilẹ̀ àti omi: Ìdùnnú
Fífọ orí: Ìdùnnú
Fasilín: Safiyyah
Jẹnẹrétọ̀: Safiyyah
Kíkí oníbàárà káàbọ̀: Jẹ́jẹ́lọlá

14.

ÌWÉ PÉLÉBÉ, láti Ring Road sí Bódìjà, ọ̀sẹ̀ ìdánwò

Ìyá Jẹ́jẹ́, ẹ kú iṣẹ́ ẹgbẹ́. Ara mi ò dá ṣáká, mi ò ní í lè jókòó ní Ọjọ́bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúkú bá mi fọwọ́ sí ìwé ọmọ wa. Ilé la wà. — Bàdírátù

ÈSÌ, láti Bódìjà sí Ring Road

Alhájà, ẹ pẹ̀lẹ́ o, Olúwa yóò fún yín ní àlàáfíà. Mo fẹ́ bi yín ní ìbéèrè kan, ẹ má bínú. Ṣé ohun kan wà nípa iṣẹ́ ọmọ mi tí ẹ mọ̀ tí èmi ò mọ̀? Tó bá wà, ẹ sọ fún mi báyìí, kí n dá àwọn àlejò dúró. Ìtìjú tòní sàn ju ti ọ̀la lọ. — Ọláṣùmbọ̀

ÈSÌ PADÀ, láti Ring Road sí Bódìjà



15.

JẸ́JẸ́LỌLÁ
(ó pẹ́ kó tó lè sọ èyí fún mi, ẹ ó rí ìdí rẹ̀ níwájú)

Bàbá mi: Mo ti san gbogbo ohun tó yẹ lórí ṣọ́ọ̀bù tí mo gbà fún Jẹ́jẹ́ ní Challenge. Wọ́n ti kun pátákó. Orúkọ ọmọ yìí wà lójú títì. Ẹ̀gbọ́n mi ti gbéra ní Ìjẹ̀bú. Kí lo tún ń rò?

Ìyá mi: Jẹ́jẹ́, ṣé o mọ rilásà fi sórí?

Èmi: Mo mọ̀ ọ́n, Mọ̀mí.

Ìyá mi: Láti ìbẹ̀rẹ̀?

Èmi: Mo mọ̀ ọ́n, Mọ̀mí.

Bàbá mi: Ṣé o ti gbọ́? Ó mọ̀ ọ́n. Wá jẹun.

Mi ò parọ́ fún un, Àńtí. Mo rò pé mo mọ̀ ọ́n ni.

16.

Kí ó yé yín: láìsí ìwé ẹgbẹ́, ṣọ́ọ̀bù Challenge kò ní í ṣí. Ẹgbẹ́ á wá tì í. Alága gan-an ló máa ń ṣáájú àwọn tó ń lọ ti irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀, tòun ti kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́.

17.

OHÙN ÌPÀDÉ, Ọjọ́bọ̀, ojúde ẹgbẹ́, Agbowó

AKỌ̀WÉ: Kaosarah, ọmọ iṣẹ́ mi, ti ṣe tirẹ̀. Orí mi rèé, ẹ wò ó. (Àtẹ́wọ́.) Ó kan Jẹ́jẹ́lọlá. Alhájà, àga yín rèé.

ALHÁJÀ: Mi ò lè jókòó. Ara mi ò yá.

ALÁGA: Ẹsẹ̀ yín lẹ fi rìn wá, Alhájà.

ALHÁJÀ: Ẹsẹ̀ yá. Orí ni ò yá. (Ẹ̀rín.)

ALÁGA: Tí ọ̀gá ò bá jókòó, kò sí ìdánwò. Ẹ jẹ́ ká so ó rọ̀.

ALHÁJÀ: Òfin tẹ́ ẹ kọ náà ló ní kí ẹgbẹ́ yan orí mìíràn. Mo yan orí ìyá ọmọ.

(Àtẹ́wọ́ gba gbogbo ojúde.)

ALÁGA: Rárá o. Ẹ má fi mí sí i. Ìyá á fara da ohun tí oníbàárà ò lè fara dà.

OHÙN KAN LẸ́YÌN: Ohun tá a kúkú ń fẹ́ nìyẹn, Màmá!

(Ẹ̀rín tún pọ̀ sí i.)

ALÁGA: Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Tí ẹ bá fi mí síbẹ̀, ohun tí mo bá gbọ́ lára mi ni mo máa sọ.

ALHÁJÀ: A ti gbọ́, Ìyá Jẹ́jẹ́. Ẹ jókòó.

AKỌ̀WÉ: Ẹni tó bá fara mọ́ ọn kó nawọ́.

Gbogbo ọwọ́ ló lọ sókè.

18.

Ẹ rí i bó ṣe dùn tó? A bá a wá ọ̀nà àbáyọ tí kò ní èérí kankan. Kò ní í yí òfin. Kò ní í fọwọ́ sí ìwé irọ́. Kò tilẹ̀ ní í parọ́. Ohun kan ṣoṣo tí a ń fẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni pé kí ó dákẹ́, kí ó di eyín pọ̀ díẹ̀ bí ìyá. Ìyá wo ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ rẹ̀? Ọmọ á gba ìwé, Alhájà á gba ìyìn, ẹbí á jẹ ẹran, a ó sì máa pe Alága ní olóòótọ́ lọ.

Inú mi dùn sí ọgbọ́n yẹn gan-an. Èmi ni mo mú táwẹ̀lì dání.

19.

Alága jókòó, ó tú gèlè. Irun iwájú rẹ̀ ti ń hewú.

Jẹ́jẹ́lọlá wọ ìbọ̀wọ́. Ó po rilásà, ọwọ́ rẹ̀ já gaara.

Fasilín wà lórí tábìlì. Ìdérí rẹ̀ wà lórí rẹ̀.

Ọmọ náà wo ọ̀tún, ó wo òsì, bí ẹni tó ń retí ènìyàn. Mi ò mọ ẹni tó ń retí lọ́jọ́ náà. Mo ti mọ̀ ọ́n báyìí. Safiyyah ló ń retí. Ní gbogbo ìgbà tó fi kọ́ṣẹ́, orí tí Safiyyah ti fi fasilín ra tán ni wọ́n ń gbé fún un. Kò mọ̀ pé nǹkan kan máa ń wà lórí náà kí òun tó dé ibẹ̀. Ó rò pé bí orí ènìyàn ṣe máa ń dán nìyẹn.

Ó bu ìpara.

Ó bẹ̀rẹ̀ láti iwájú orí.

20.

Gbogbo onídìrí tó wà níbẹ̀ fa èémí sínú lẹ́ẹ̀kan náà. Òfin ò gbà kí a sọ̀rọ̀.

21.

Ó dákẹ́.

22.

                              Ó dákẹ́.

23.

Ojú Alága wà lójú mi. Mo ń fi ojú bẹ̀ ẹ́. Ẹ ṣe é, Màmá. Ó kù díẹ̀. Kò sí ẹni tó máa mọ̀, àwa tó bá sì mọ̀, tiwa ni.

Alhájà Bàdírátù ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ọmọ náà ń kọ orin ìjọ wọn lábẹ́ ètè.

24.

"Ó ń ta mí."

25.

Àwọn tó jókòó lápá ọ̀tún ní ohùn rẹ̀ gbọ̀n. Àwọn ti apá òsì ní ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń tọrọ omi mu. Jẹ́jẹ́lọlá ní kì í ṣe ẹgbẹ́ ló sọ ọ́ fún, òun ló sọ ọ́ fún, ó sì kọ́kọ́ pe orúkọ òun. Èmi ni mo sún mọ́ ọn jù, èmi ni mi ò sì mọ bó ṣe sọ ọ́. Mo ti kọ ọ́ lóríṣiríṣi, mo ti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́.

Ó sọ ọ́. Ìyẹn tó.

26.

Mo fà á lọ síbi omi. Mo ń ṣan orí rẹ̀, mo ń sunkún, inú sì ń bí mi burúkú burúkú. Níwájú, awọ ti ń ṣí lábẹ́ ìka mi.

Mo ní: Màmá, ẹ ò wá lè ní sùúrù ni?

Orí rẹ̀ wà nínú abọ́, omi ń wọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ó ní: Mùtíátù, ìyàwó Mọ́kọ́lá náà ní sùúrù. Ó rò pé ẹni tó ń ṣe é mọ̀ ọ́n ni.

Mo fi ṣáńpù sí i.

27.

Jẹ́jẹ́lọlá bọ́ sí títì. Kò bọ́ ìbọ̀wọ́. Àwọn tó rí i ní ó rìn gba iwájú géètì yunifásítì kọjá, ìpara funfun ń kán lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń yà fún un lọ́nà.

28.

ÌKÉDE ORÍ RÉDÍÒ, Ọjọ́ Ẹtì

Ìdílé Ògúnsànyà ní Bódìjà ń fi àkókò yìí sọ fún gbogbo ẹbí, ará àti ọ̀rẹ́ tí wọ́n pè síbi fríídọ̀mù ọmọ wọn Jẹ́jẹ́lọlá lọ́la, pé ayẹyẹ náà kò ní í wáyé mọ́. Ọmọ náà wà láàyè, ara rẹ̀ le. Kò tíì mọ iṣẹ́ náà tó ni. Ẹ dákun, ẹ má bínú. Ẹni tó bá ti gbéra kó padà o.

29.

Bàbá Jẹ́jẹ́ fẹ́ kí ìkéde náà sọ pé àìsàn ni. Ó ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Alága gba bírò, ó sì fúnra rẹ̀ kọ òmíràn. Ọkọ rẹ̀ bá a lọ sílé rédíò ṣá. Ó jókòó sínú mọ́tò, kò wọlé. Mo mọyì ọkùnrin yẹn fún lílọ tó lọ.

30.

Àwọn ará Ìjẹ̀bú ò gbọ́ rédíò. Wọ́n dé ní Sátidé, tọmọtìyá, pẹ̀lú gàrí àti ẹ̀bùn. A mú wọn jókòó síbi fríídọ̀mù Kaosarah tó bọ́ sí ọjọ́ kan náà. Wọ́n jẹ, wọ́n mu, wọ́n sì ń bi ara wọn léèrè ta ni Kaosarah.

Alága wá. Ó we ìborùn funfun mọ́ orí tó ti bó. Òun ló gbé kọ́ọ̀mù àti sísọ́ọ̀sì lé Kaosarah lọ́wọ́ bó ṣe yẹ, ó gbàdúrà fún un, ó sì jó díẹ̀. Ẹnì kan pòṣé nígbà tó ń jó. Ó gbọ́ ọ. Ó parí ijó náà.

31.

ÀWỌN OHUN TÍ MO GBỌ́ LÁBẸ́ KÁNÓPÌ

Ìyá kọ́ nìyẹn.
Àyàfi kó jẹ́ pé kì í ṣe òun ló bí i.
Ojú ayé ló ń ṣe.
Èmi ò lè ṣe é láéláé.
Èmi ò lè ṣe é láéláé o, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni mo máa mú ọmọ mi lọ.

32.

ÌPÀDÉ OṢÙ TÓ TẸ̀ LÉ E (díẹ̀ nínú rẹ̀)

ALHÁJÀ: Mo dábàá pé ká yọ Alága. Ẹni tí kò ṣàánú ọmọ ara ẹ̀, ọmọ ta ló máa wá ṣàánú?

(Ariwo. Àwọn kan: Òótọ́ ni!)

ALÁGA: Ẹ lè yọ mí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tẹnu mi. Ẹ̀bi Alhájà kọ́ ni gbogbo ẹ̀. Ẹ̀rù mi ló ń bà wọ́n. Torí pé èmi ni Alága, wọn ò lè rán ọmọ mi níṣẹ́, wọn ò lè bá a wí. Àga tí mo jókòó lé ló ba ẹ̀kọ́ ọmọ mi jẹ́, mi ò sì béèrè lẹ́ẹ̀kan rí pé, Jẹ́jẹ́, kí lo ṣe lónìí? Mo kàn ń dúpẹ́ pé kò ráhùn. Mo bẹ Alhájà, mo bẹ ẹgbẹ́.

(Ó kúnlẹ̀.)

ALHÁJÀ: Ẹ dìde jọ̀ọ́, Ìyá Jẹ́jẹ́. Ẹ dìde. Ẹ má sọ mí di èèyàn burúkú.

Wọn ò yọ ọ́. Wọn ò pàtẹ́wọ́ fún un náà.

33.

Èrò tèmi lórí ìkúnlẹ̀ yẹn: ó pọ̀ jù.

Rárá. Kò pọ̀ jù. Ṣé mo ti rí alága ẹgbẹ́ mìíràn nílùú yìí tó wá ẹ̀bi lọ sílé ara rẹ̀? Tí mo bá rí i, mo máa kọ ọ́ síbí.



Mo fi àyè sílẹ̀.

34.

ṢỌ́Ọ̀BÙ MI, ọjọ́ kan tí iná lọ

ALÁGA: Mùtíátù, bá mi kọ́ Jẹ́jẹ́.

ÈMI: Ó tì o, Màmá. Ẹ̀rù yín ń ba èmi náà.

ALÁGA: Ìwọ tó o bú mi nínú omi?

ÈMI: Inú ló ń bí mi nígbà yẹn.

ALÁGA: Jẹ́ kó máa bí ẹ lọ. Mi ò ní í tẹ ṣọ́ọ̀bù yìí títí wàá fi kọ́ ọ tán. Tó o bá rí mi níbí, lé mi jáde.

ÈMI: Ṣé ó ń bá yín sọ̀rọ̀?

ALÁGA: Ó ń kí mi láàárọ̀.

Ó ní òun máa ń ro ó pé ká ní òun dákẹ́ lọ́jọ́ náà, àwọn ì bá jọ máa jẹun. Ó ní ó ń dun òun gidigidi. Ó ní síbẹ̀, tí wọ́n bá tún gbé òun jókòó, òun á tún sọ ọ́. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ.

35.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo fún Jẹ́jẹ́lọlá: ilẹ̀ gbígbá.
Ìkejì: omi.
Ìkẹta: fasilín. Kò fi ọwọ́ kan rilásà títí ọdún fi yí. Fasilín nìkan. Orí àgbà, orí ọmọdé, orí ẹni tó ń ráhùn, orí ẹni tó ń sùn. Mo jágbe mọ́ ọn. Ó sunkún. Mo tún jágbe mọ́ ọn.

36.

JẸ́JẸ́LỌLÁ

Àńtí, pátákó mi ṣì wà ní Challenge. Mo máa ń wo ibòmíràn tí mọ́tò bá ń kọjá níbẹ̀.

Tẹ́lẹ̀, mo máa ń ro ó pé kí ló dé tí Mọ̀mí ò pa á mọ́ra fún mi. Lọ́jọ́ kan ni màmá kan jókòó síbí, mo ń ra fasilín sí i lórí, ó sì sùn lọ sí mi lọ́wọ́. Èèyàn tí ò mọ̀ mí rí! Ó kàn gbé orí fún mi, ó sùn. Ẹ̀rù bà mí. Mo yà sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, mo sunkún.

Ẹ má sọ fún Mọ̀mí.

37.

(Mi ò sọ fún un.)

38.

ÌFILỌ̀ ẸGBẸ́, 1998

Ìdánwò Jẹ́jẹ́lọlá Ògúnsànyà yóò wáyé ní Ọjọ́bọ̀. Ọ̀gá rẹ̀: Mùtíátù Akínbíyì.
Kò sí káàdì. Kò sí kánópì. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pe àlejò kí èsì tó jáde. Òfin tuntun ni, ó kan gbogbo wa.

39.

Mo ti tú ìborùn mi.

Gbogbo ẹgbẹ́ pé. Alhájà Bàdírátù jókòó síwájú, ojú rẹ̀ le. Alága wà níta, lábẹ́ igi furúùtù, ó kẹ̀yìn sí wa. Ó ní òun ò ní í wọ ojúde kí n má baà wo ojú òun.

Kí n sọ òótọ́ fún yín: mo fẹ́ràn ọmọ yìí. Ó ti di tèmi. Mo fẹ́ kó ṣí ṣọ́ọ̀bù yẹn. Mo fẹ́ kó délé kó bá ìyá rẹ̀ jẹun lórí àwo kan náà. Orí mi ni gbogbo rẹ̀ wà báyìí.

Ó ṣí fasilín. Ó ra á níwájú, ó ra á lẹ́yìn etí, kò yára. Ó po ìpara. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn ọrùn, bí mo ṣe kọ́ ọ.

40.

Ó ń ṣe é dáadáa. Mo búra.

41.

Oòrùn mú. Nǹkan kan ń gbóná lẹ́yìn etí mi ọ̀tún. Ó lè jẹ́ oòrùn.

42.

Ó ń gbóná sí i.

Jẹ́jẹ́lọlá rọra bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wo ojú mi. Kò bẹ̀ mí. Ó kàn dúró, ó ń retí ohun tí mo máa sọ, bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ ọ́n lóòótọ́.

Mo la ẹnu mi, mo sì sọ ohun tí mo gbọ́ lára mi.